Ètè Kò Ní Ohùn: Èdè Ọmọ Tí Etí Rẹ̀ Di



Àwọn àgbà ní ìyá tó bí odi ló ń gbọ́ èdè odi. Ìyá la fi òwe yìí ń yìn, ó sì tọ́ sí i. Àmọ́ bí ìyá nìkan bá ń gbọ́ èdè ọmọ, kí ni bàbá ń gbọ́? Kí ni olùkọ́ ń gbọ́? Lọ́jọ́ tí ìyá bá ná ọjà Ọ̀fà, ta ni ọmọ máa bá tàkurọ̀sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú? Ohun tí mo bá wá sí ìlú Ilemona lónìí kò gùn: etí dídi nìkan kì í sọ ọmọ di odi, kí ọdún máa gorí ọdún láìsí èdè kankan tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ló ń sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ tí kò gbọ́ràn rárá máa ń ké bí wọ́n bá bí i. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta á máa ṣe "àgùù", á máa rẹ́rìn-ín sí èèyàn, kò sì sẹ́ni tó máa fura. Ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń to "bababa" pọ̀, láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́wàá, ni tirẹ̀ máa ń fà sẹ́yìn. Ìyá àgbà á wá dán etí rẹ̀ wò. Á gbé ìkòkò, á fi ìdérí gbá a gbàù lẹ́yìn ọmọ. Ọmọ á yíjú. Ilé á dùn: "Ó gbọ́!" Ẹ̀yin ará mi, ilẹ̀ símẹ́ńtì mì nígbà tí ìkòkò dún. Atẹ́gùn fẹ́ sí ọmọ lọ́rùn. Òjìji apá ìyá àgbà kọjá lára ògiri. Ara ọmọ ló gbọ́ gbogbo ìyẹn. Bí ó bá wá pé ọdún méjì tí kò sọ̀rọ̀, a ní àbúrò bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó fọhùn. Ẹlòmíràn á bu omi sínú agogo fún un mu, kó lè fọhùn. Kí omi agogo tó ṣiṣẹ́, ọdún mẹ́rin ti dé.

Ọdún wọ̀nyẹn la ò lè rà padà. Ní 1998, Christine Yoshinaga-Itano àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Colorado, l'Amẹ́ríkà, kọ nípa ọmọ 150 tí etí wọn di. Wọ́n ti rí ìṣòro etí àwọn 72 kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́fà. Ti àwọn 78 yòókù, ẹ̀yìn ìgbà náà ni. Láàárín àwọn tí làákàyè wọn pé, èdè àwọn tí wọ́n tètè rí ga ju ti àwọn yòókù lọ. Bí etí ì báà di púpọ̀ tàbí díẹ̀, bí ilé wọn ì báà fẹnu sọ̀rọ̀ tàbí fọwọ́ sọ ọ́, ibì kan náà ló já sí.

Ẹ lè ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé Èkó. Dókítà Bọ́lájókòó Olúsànyà àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá kì í bímọ sí ọsibítù. Wọ́n wá lọ dúró níbi tí ìyá tó bímọ sílé àdúrà pàápàá máa ń gbé ọmọ wá: ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára BCG. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ etí ọmọ tuntun wò, ìwé ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sì gbé iṣẹ́ náà jáde ní 2008. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju ohun tí nọ́ọ̀sì lè fọwọ́ kan gbé lọ. Wọ́n á ki rọ́bà rírọ̀ sí ihò etí ọmọ tó ń sùn, ẹ̀rọ á ju ìró kékeré síbẹ̀. Etí tó dá ṣáṣá máa ń dá ìró tirẹ̀ padà, ẹ̀rọ á sì gbà á sílẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí kò bá yege kì í ṣe adití lójú ẹsẹ̀. Omi lè wà nínú etí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tiwa níbí, Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin ni wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ṣe gan-an nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọ tuntun lè yege níbi ẹ̀rọ yìí kí ìṣòro sì wà lójú iṣan tó ń gbé ìró lọ sọ́pọlọ. Àyẹ̀wò mìíràn ni ti irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n bí mo ti dé ibẹ̀: kafúrà tí ẹ ń há sáàárín aṣọ ọmọ, ẹ kó o kúrò. Ó wà lára ohun tó ń dá ibà náà sílẹ̀ lára àwọn ọmọ wa kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò gbà á.

WHO ní ọmọdé tó tó mílíọ̀nù 34 ló ní ìṣòro etí tó nílò ìtọ́jú, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí ọgọ́ta ló jẹ́ ohun tí à bá ti dènà: èéyi, àrùn yírùnyírùn, etí tó ń ṣọyún tí à ń ro òróró sí, abẹ́rẹ́ gentamicin tí kẹ́míìsì gún láìwọn ọmọ.

Wàyí o, bí a bá ti rí ọmọ náà, báwo la ṣe fẹ́ bá a sọ̀rọ̀? Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé bí àwọn bá ṣáà ya ẹnu gbàgà níwájú ọmọ, á ka ètè. Lálẹ́ òní, ẹ dúró níwájú dígí, ẹ má jẹ́ kí ohùn jáde, kí ẹ sọ "bàbá", kí ẹ tún sọ "màmá". Ètè kan náà ni. Ẹ sọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Dígí ò rí ìyàtọ̀ kankan, torí ọ̀nà ọ̀fun ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń wá. Ẹ tún wo k àti g: inú lọ́hùn-ún ni ahọ́n ti ń ṣe wọ́n, ojú kì í tó o.

Ẹ wá fi wé onídùndún. Ìlù kò ní ètè, kò ní b, kò ní m. Ohùn nìkan ló ní, síbẹ̀ bí wọ́n bá fi ki Ọlọ́fà, àgbà ìlú á gbọ́ ọ yéké. Ètè inú dígí ni òdì kejì ìlù: ó ní b, ó ní f, kò ní ohùn. Kí ló jẹ́ kí àgbà gbọ́ ìlù? Oríkì náà ti wà nínú rẹ̀ kí onílù tó gbé ọ̀pá, òun ló fi ń dí àlàfo. Ọmọ ọdún méjì tí kò tíì ní èdè, kí ló fẹ́ fi dí tirẹ̀?

Ìròyìn ayọ̀ kan wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí à ń pè ní adití ló ṣì ń gbọ́ díẹ̀ nínú ìró tó wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ohùn Yorùbá ń gbé. Bí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn bá gbé e sókè, ọmọ lè mú òkè àti ìsàlẹ̀ láti etí, kó mú b àti f láti ojú. S àti ṣ ló máa ń sá fún irú etí bẹ́ẹ̀. Ti cochlear implant, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fi síni létí, yàtọ̀: ó ń gbé s wá dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ máa ń ni ín lára. Àwọn ará Ṣáínà, tí èdè wọn ní ohùn bíi tiwa, ti rí èyí lára ọmọ wọn. Nítorí náà, bí ẹ bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba, kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú yín, kí ẹ pa rédíò. Ẹ má pariwo; ariwo ń ba ètè jẹ́. Bí ẹ bá ń yan gàárì, ẹ pe gàárì, ẹ pe iná, ẹ pe agbada. Ẹni tó bá ní kí ẹ pa Yorùbá tì nítorí etí ọmọ di, kí ẹ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀yin fúnra yín ń wá kiri, kò fẹ́ràn yín.

Ṣé kí a wá fòfin de èdè ọwọ́? Àwọn olùkọ́ kan péjọ ní Milan ní 1880, wọ́n dìbò pé ẹnu nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ adití. Ó di 2010, ní Vancouver, kí irú àpérò bẹ́ẹ̀ tó kábàámọ̀ rẹ̀. Ní tiwa, Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun náà jẹ́ adití, dé Gánà ní 1957, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1960. Èdè ọwọ́ Amẹ́ríkà ló gbé wá, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọmọ là. Ìṣòro rẹ̀ kan ló kù: ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ n'Ìlọrin, ó kọ́ àmì tó bá Gẹ̀ẹ́sì mu, ó dé sílé nígbà ọlidé, kò sí ẹnì kan nínú agbo ilé tó lè béèrè pé ṣé ó ti jẹun. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti kọ́ àwọn ará ilé ní èdè ọwọ́ náà pẹ̀lú. Ní 1991, Laura Petitto àti Paula Marentette fi hàn pé ọmọ ọwọ́ tó ń rí àmì máa ń fi ìka to àwọn ẹyọ àmì pọ̀ bí ọmọ tiyín ṣe ń fẹnu ṣe "bababa". Mi ò rí ìdí tí ọwọ́ á fi jẹ́ ọ̀tá ẹnu.

Ti ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ kí àrùn yírùnyírùn tó dí i létí tún le. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláníkẹ̀ẹ́ Ọlá Orie kọ ìwé kan ní 2012 lórí bí Yorùbá ṣe ń ṣí kúrò lẹ́nu irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Egungun lè hù dí inú etí láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn àrùn náà, kó má sì sí àyè fún iṣẹ́ abẹ cochlear implant mọ́. Ẹ má dúró kí ara rẹ̀ yá tán kí ẹ tó gbé e lọ wọn etí.

Àwọn ìyá máa ń bi mí: "Ọ̀gá, ṣé yóò sọ̀rọ̀?" Ó kù sọ́wọ́ ìwọ̀n ìgbọ́ràn tó kù fún un, ọjọ́ tí a rí i, bí ẹ̀rọ ṣe ń wà létí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, àti bí àwọn tó ń bá a sọ̀rọ̀ nílé ṣe pọ̀ tó. Ẹ béèrè ibi tí ẹ ó ti máa ra bátìrì kí ẹ tó ra ẹ̀rọ. Ẹni tó bá sì fọwọ́ sọ̀yà pé yóò sọ̀rọ̀ láìtíì wọn etí rẹ̀, owó yín ló ń wá.