Ta Ni Yóò Gbọ́ Ohùn Ọmọ Kí Ó Tó Dé Iwájú Adájọ́?



Àkókò ìbò dé. Àkókò yìí ni àwọn kan máa ń wá ọmọ tí yóò bá wọn gbé àpótí ìbò sá, tí yóò sì fi igi àti ìgò lé olùdìbò. Àgbàlagbà tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í tètè gbà. Ọmọ ọdún 15 ni ó máa ń gbà: ó fẹ́ owó, ó fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kà á sí ọkùnrin, kò sì mọ bí ẹ̀wọ̀n ti rí. Kò tíì tó ẹni tí òfin gbà láyè láti dìbò, síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ń ba ìbò jẹ́.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Delta náà ti sọ di òfin tirẹ̀, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé. Abala 26 òfin ìjọba àpapọ̀ náà sọ pé ẹni tí ó bá lo ọmọdé láti dá ọ̀ràn lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 jura. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀ràn ni òfin máa ń dé. Nígbà tí ọwọ́ bá tẹ ọmọ, ọ̀gá tí ó rán an kì í sí nítòsí; ìyá rẹ̀ ni yóò ti ọjà Igbudu sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹni tí ó lè rí ọmọ náà ṣáájú ọlọ́pàá ni olùdámọ̀ràn ilé-ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ni a gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959. Ìlànà Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí, tí ó jáde ní 1977, sì ní kí a yan olùdámọ̀ràn sí ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Olùdámọ̀ràn kì í na ọmọ. Òun ni ó ń kíyè sí i pé ọmọ kan kò wá sí kíláàsì fún ọjọ́ mẹ́ta. Òun ni ó ń bi í léèrè ní ìkọ̀kọ̀ nípa fóònù olówó ńlá tí òbí rẹ̀ kò rà. Òun ni ó ń ránṣẹ́ pe òbí kí ẹgbẹ́ òkùnkùn tó mú ọmọ wọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan ṣoṣo bá ń kọ́ni láti àárọ̀ dé ọ̀sán, tí a tún ní kí ó máa dá gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, orúkọ lásán ni oyè náà.

Warri ti rí àbájáde àìbìkítà. Ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1997, nígbà tí ìjọba gbé olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Warri South-West kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, tún ru sókè ní 1999 àti 2003. Àwọn ọmọ kan di ìbọn mú kí wọ́n tó gba ìwé ẹ̀rí.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù bi olùdíje ní ìbéèrè mẹ́ta. Olùdámọ̀ràn mélòó ni yóò gbà sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba? Ṣé yóò fún wọn ní yàrá tí ẹlòmíràn kò ti ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ? Ṣé yóò ṣèlérí ní gbangba pé òun kò ní í rán ọmọdé níṣẹ́ jàǹdùkú?

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní ọjọ́ ìbò, kí òbí kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà.