BÍ BÀÁLÙ ṢE Ń KÌLỌ̀ FÚN AWAKỌ̀ NÍPA AFẸ́FẸ́ ÒJIJÌ

Àwa tí a ń gbé Òkè Ọya, tí a ń wọ bàálù lọ sílé fún ìnáwó, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Windshear ni orúkọ tí àwọn awakọ̀ bàálù ń pe afẹ́fẹ́ tó yí ipa tàbí agbára rẹ̀ padà lójijì. Bí ìjì àti àrá bá ń jà, afẹ́fẹ́ tútù lè já wálẹ̀ láti inú ìkùukùu, kí ó fọ́n ká bí omi tí a dà sórí sìmẹ́ńtì. Bí bàálù bá wọ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ níwájú, á gbé e sókè. Kò ní pẹ́, á bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, agbára tó gbé ìyẹ́ bàálù dúró á sì dín kù. Bí ilẹ̀ bá sún mọ́, àyè àtiṣàtúnṣe kò sí.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1985, irú afẹ́fẹ́ yìí já bàálù Delta 191 lulẹ̀ ní Dallas, ní Amẹ́ríkà. Èèyàn 137 ló kú. Ní 1988, ìjọba ibẹ̀ ṣòfin pé kí bàálù akérò ní ẹ̀rọ ìkìlọ̀.

Oríṣi méjì ni ẹ̀rọ náà. Èkíní ń wo bí bàálù fúnra rẹ̀ ṣe ń rìn. Bó bá ti wọ inú ewu, iná pupa á tàn, ohùn á sì ké “Windshear!” lẹ́ẹ̀mẹta. Èkejì jẹ́ rédà tó wà ní imú bàálù. Ó ń wo bí ẹ̀kán òjò ṣe ń sáré níwájú, á sì sọ “Windshear ahead” kí bàálù tó débẹ̀. Awakọ̀ tí kò tíì gbéra á dúró. Èyí tó fẹ́ balẹ̀ á fún ẹ́ńjìnnì lágbára, á tún gòkè.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í pinnu fún èèyàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2006, bàálù ADC gbéra ní Àbújá lọ sí Sókótó, ó sì já. Nínú èèyàn 105 tó wọ̀ ọ́, 9 péré ló yè. Sultan Muhammadu Maccido wà lára àwọn tó kú. Àwọn olùwádìí sọ pé awakọ̀ pinnu láti gbéra nígbà tó ti hàn pé ojú ọjọ́ kò dára, kò sì tẹ̀lé ìlànà tó yẹ nígbà tí windshear dé.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá ní kí a dúró kí òjò dá, ẹ má jẹ́ kí a máa bú òṣìṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí a máa lu káńtà. Ìnáwó lè dúró dè wá. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe bàbá.