Ìlú Tí Ó Fi Dígí Pe Oòrùn

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ibòji ni à ń wá bí oòrùn ọ̀sán bá mú. Abẹ́ igi odán ni àwọn àgbà ń gbé ọpọ́n ayò lọ. Ẹni tí ó bá jókòó sínú oòrùn láìnídìí, wọn a ní nǹkan ń ṣe é. Ìlú kan wà ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè tí ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Rjukan ni orúkọ rẹ̀, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì tó bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Inú àfonífojì tóóró ni a tẹ̀ ẹ́ dó sí. Òkè Gaustatoppen, tí ó ga ní mítà 1,883, wà ní gúúsù rẹ̀. Nígbà òtútù, oòrùn ibẹ̀ kì í gòkè púpọ̀, àwọn òkè a sì bò ó. Láti ìparí oṣù kẹsàn-án títí di àárín oṣù kẹta, ìtànṣán rẹ̀ kì í fúnra rẹ̀ dé àárín ìlú. Kì í ṣe pé ilẹ̀ kì í mọ́ o. Ẹni tí ó bá gbójú sókè lè máa wo oòrùn lára òkè ọ̀kánkán, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú òjìji.

Iṣẹ́ ni ó kó ènìyàn débẹ̀. Sam Eyde, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ Norsk Hydro sílẹ̀ ní 1905, rí i pé omi tí ń já láti òkè níbẹ̀ lè mú iná mànàmáná wá, kí a sì fi iná náà ṣe ajílẹ̀. Ní 1913, ìmọ̀ràn ti jáde pé kí a fi dígí darí oòrùn wá sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ayé ìgbà náà kò ká a. Kàkà kí oòrùn sọ̀kalẹ̀, ènìyàn ni ó gòkè tọ̀ ọ́ lọ: ní 1928, Norsk Hydro ṣe ọkọ̀ orí wáyà tí à ń pè ní Krossobanen, kí àwọn ará ìlú lè máa lọ yá oòrùn lókè. Ó ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

Nígbà tí ó pẹ́, oníṣẹ́ ọnà kan, Martin Andersen, kó wá sí Rjukan. Nígbà òtútù, a máa ti ọmọ rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé lọ wá oòrùn ní ìsàlẹ̀ àfonífojì. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni ibi tí wọ́n ń bá a ń jìnnà sí i. Ni ó bá tún ìmọ̀ràn àtijọ́ náà gbé dìde. Viganella, abúlé kan ní Ítálì, sì ti gbé irú dígí bẹ́ẹ̀ sókè ní 2006.

Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Owó náà tó mílíọ̀nù 5 owó króónà. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onígbọ̀wọ́ ni wọ́n san púpọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ará ìlú fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́, pé ohun tí ó ṣe kókó jù bẹ́ẹ̀ lọ wà níwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ìmọ́lẹ̀ yìí kò ní wọ ilé ẹnikẹ́ni. Gbàgede ìlú nìkan ni yóò tàn sí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Bí ó bá ṣe pé ó ń wọ ilé kọ̀ọ̀kan ni, oníkálùkù ìbá ti ilẹ̀kùn mọ́rí gbádùn tirẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ ojúkan ṣoṣo, ẹni tí ó bá fẹ́ oòrùn ní láti jáde síbi tí aládùúgbò rẹ̀ wà.

Dígí mẹ́ta ni wọ́n gbé sí ara òkè, ní nǹkan bí mítà 450 sókè ìlú. Kọ̀ǹpútà ní ń yí wọn tẹ̀ lé oòrùn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá, ọdún 2013, èrò pé jọ sí gbàgede. Àwọn ọmọdé ń ju àsíá. Àgbàlagbà wọ awò dúdú nínú òtútù, wọ́n kọjú sókè. Bí ìkùukùu bá bolẹ̀, dígí kò ní ohun tí yóò fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ọjọ́ tí ó bá tàn, ọjọ́ àpéjọ ni.

Bí oòrùn fúnra rẹ̀ bá sì padà dé ní oṣù kẹta, ìlú a ṣe àjọ̀dún: tọmọdé tàgbà a múra bí eléré, wọn a sì fi Ọmọ Ọba Oòrùn jẹ. Àjọ̀dún yìí ti wà kí dígí tó dé, dígí kò sì pa á rẹ́.