Ẹ̀rọ Tí À Ń Fi Sùn: Díẹ̀ Díẹ̀ Ni Ó Ń Mọ́ni Lára

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka)

 

Ẹ̀ka ní kí àwa tí a ń fi ẹ̀rọ sùn wá ṣàlàyé, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti ń lọ lábẹ́lẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀rọ ẹni tó ń kú lọ ni. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá ń lò ó kò yẹ kó wakọ̀ mọ́. Méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ẹ̀rọ yìí máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í mọ́ni lára lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá pa á tì ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ti pa ìwòsàn tì lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àrùn náà. Nígbà tí ènìyàn bá sùn, ẹran ara ọ̀fun a máa rọ̀. Lára ẹlòmíràn, ahọ́n àti ẹran ọ̀fun a wó sẹ́yìn, wọn a sì dí ọ̀nà èémí. Ẹni náà a máa hanrun kíkankíkan, a sì dákẹ́ lójijì, kí ó tó tún mí gùlẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn ni àrùn. Bí èémí bá dúró, tàbí tí ó dín kù gidigidi, fún ìṣẹ́jú àáyá 10, dókítà ti ka ọ̀kan. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ ní ìgbà 5 ní wákàtí kan, àrùn ti wà níbẹ̀. Bí ó bá di 15, ó ti wọra. Bí ó bá tó 30, ó ti le gan-an. Ìyẹn ni pé ní ìṣẹ́jú méjì-méjì ni ọpọlọ ń ta olóorun jí kí ó lè mí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í rántí ohunkóhun bí ilẹ̀ bá mọ́.

Ohun tí yóò mọ̀ ni pé orí ń fọ́ òun láàárọ̀, pé ẹnu òun gbẹ, pé oorun ń kun òun nídìí ẹ̀rọ tàbí lórí ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru a sì máa bá a rìn. Ọ̀gá iṣẹ́ a ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ kọ́ o, ẹni tí kò sùn ni, bí ó tilẹ̀ wà lórí ibùsùn fún wákàtí mẹ́jọ. Àwọn mìíràn a ta jí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, wọn a ní ogun òru ni. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. A ní kí ó gbàdúrà, kí ó sì tún rí dókítà. Ẹni tó sanra ló wọ́pọ̀ jù lára, ṣùgbọ́n ó ń mú ẹni tínrín náà, ó sì ń mú obìnrin. Ọtí àti oògùn oorun a máa dá kún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu paraga kí ẹ tó sùn, ẹ gbọ́ o.

CPAP ni àwọn dókítà ń pe ẹ̀rọ náà. Kò sí gáàsì kankan nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni ó ń fà, tí ó ń fẹ́ gba inú rọ́bà gígùn kan wọ ìbòmú, kí ọ̀fun má bàa wó. Ẹ̀yin ará ìdí ọkọ̀ yóò tètè lóye: táyà tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ kì í pẹlẹbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má bẹ̀rù, nítorí pé èyí tó le jù nínú afẹ́fẹ́ yìí kò tó ìdá kan nínú 100 ti táyà mọ́tò. Dókítà Colin Sullivan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ dán an wò ní 1980, tí wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1981. Kí ó tó dé, ihò ni wọ́n máa ń lu sí ọ̀fun ẹni tí àrùn náà bá le jù lára rẹ̀.

Wàyí o, bí ó ṣe ń mọ́ni lára. Alẹ́ àkọ́kọ́ kì í dùn. Ìbòmú a dà bí ohun tó fẹ́ sé ni léèémí. Afẹ́fẹ́ a máa ta ko èémí tí à ń mí síta. Rọ́bà a máa fà. Àwọn ọmọ inú ilé a ní bàbá di eégún. Ọ̀pọ̀ ló ti bọ́ ọ sọ nù ní agogo méjì òru. Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà, imú ènìyàn náà sì ni à ń sọ yìí.

Ojú oorun kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán, bí ẹ bá jókòó ti rédíò, ẹ fi ọwọ́ di ìbòmú mú sí imú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, láìso okùn rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn bá rọrùn, ẹ so okùn, kí ẹ tan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi rẹjú lọ́sàn-án, kí ó tó kan òru. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ní bọ́tìnnì kan tí ń mú kí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́, kí ó máa le sí i bí oorun ti ń wọlé. Ẹ ní kí dókítà fi hàn yín.

Orí ìdùbúlẹ̀ ni kí ẹ ti wọn okùn ìbòmú, nítorí pé ojú ẹni tó dúró yàtọ̀ sí ti ẹni tó sùn. Ẹ má fà á le jù. Bí ó bá le jù, a dá egbò sí imú, afẹ́fẹ́ a sì tún máa jò sójú. Irùngbọ̀n púpọ̀ náà a máa jẹ́ kí ó jò. Ẹni tó ń fi ẹnu mí, ìbòmú tó bo imú àti ẹnu wà fún un. Bí ẹ bá jí tí ẹ rí i pé ẹ ti bọ́ ọ kúrò lójú oorun, ẹ má bínú sí ara yín. Ẹ fi padà, kí ẹ sùn.

Ẹ̀yin oníṣíìfù, ìgbàkúùgbà tí ẹ bá sùn ni kí ẹ lò ó, ìbáà jẹ́ ọ̀sán. Ní Amẹ́ríkà, ètò ìlera Medicare, kí ó tó máa sanwó ẹ̀rọ lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ń béèrè ẹ̀rí pé a lò ó fún wákàtí 4 ó kéré tán, ní òru 21 nínú 30. Gbogbo oorun ni ó dára jù, ṣùgbọ́n ẹni tó dé ibẹ̀ yẹn ti ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Bí a bá pa apá tí ń mú omi gbóná, iná tí ẹ̀rọ yìí ń jẹ kò ju ti fáànù lọ. Nítorí náà bátìrì àti ínfátà lè gbé e di òwúrọ̀, awakọ̀ tó ń sùn ní gáréèjì sì lè rí okùn tí a fi ń so ó mọ́ bátìrì. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀bá fèrèsé. Afẹ́fẹ́ yàrá ni ẹ̀rọ ń fà, fìtà rẹ̀ lè gba eruku, kò lè gba májèlé èéfín.

Omi tó wà fún inú rẹ̀ ni omi tí a sọ di oru tí a sì tún gbà padà, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn. Kì í ṣe pure water, kì í sì ṣe ti oníbátìrì, nítorí a kò mọ ohun tó ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn rí. Ẹ dà á nù láràárọ̀. Ní àsìkò ọyẹ́, omi yìí ni kì í jẹ́ kí imú gbẹ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ìbòmú lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, kí ó ṣọ́ra: ní oṣù kẹfà 2021, ilé-iṣẹ́ Philips pe ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ tirẹ̀ padà, nítorí fóòmù inú rẹ̀ tó lè rún wọ ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ẹ yẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò kí ẹ tó sanwó.

Ó ku ti ẹgbẹ́. Kí ló dé tí àwọn ènìyàn wa ń fi àrùn yìí pamọ́? Nítorí iṣẹ́ ni. Wọ́n ní bí ọ̀gá bá gbọ́, lẹ́tà ni yóò tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi í pamọ́ tó ń wakọ̀ ni ewu, kì í ṣe ẹni tó ń tọ́jú ara rẹ̀. Ní Britain, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń wa bọ́ọ̀sì, òfin ní kí awakọ̀ tí àrùn yìí ń mú tòògbé dúró, kí ó sì sọ fún àjọ DVLA. Ṣùgbọ́n bí ìtọ́jú bá ti ká oorun náà, ó lè padà sídìí ọkọ̀.

Ohun tí a ń bẹ ẹ̀ka láti gbé lọ síwájú àwọn agbanisíṣẹ́ nìyẹn: kí wọ́n jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò oorun láìgé owó rẹ̀, kí wọ́n gbé awakọ̀ sí iṣẹ́ mìíràn títí ara rẹ̀ yóò fi dá, dípò kí wọ́n lé e, kí owó ẹ̀rọ sì wọ inú ètò ìlera ilé-iṣẹ́, nítorí agbára òṣìṣẹ́ kan kò ká a.

Ẹ̀yin ìyàwó àti ọkọ, ẹ̀yin lẹ ń gbọ́ ìdákẹ́ yẹn lóru. Ẹ má ṣe fi ṣẹ̀fẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó kàn. Ẹni tó bá sì fẹ́ gbìyànjú ìbòmú wò, kí ó wá bá wa lẹ́yìn ìpàdé yìí. A gbé ẹ̀rọ kan wá.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.