Kí A Tó Gbé Àáké sí Máńgòrò Àgbàlá

 

Ẹni mẹ́ta nínú wa ló ti bi mí lọ́dún yìí bóyá kí wọ́n gé máńgòrò àgbàlá wọn, nítorí pé èso rẹ̀ ń jábọ́ láìpọ́n, ìdin sì kún inú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àáké sílẹ̀ ná.

Kì í ṣe gbogbo èso tó rẹ̀ ló ní àrùn. Igi máńgòrò a máa so ju ohun tí ó lè gbé lọ, òun fúnra rẹ̀ ní í gbọn ìyókù dànù nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú un lákòókò náà, yóò gbọ̀n ju bó ti yẹ lọ. Ẹ máa bomi rin ín, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀ láìjẹ́ kó kan èèpo igi.

Ti ìdin yàtọ̀. Eṣinṣin kan ní í gún awọ èso tó ń gbó, tí í yé ẹyin sínú rẹ̀. Irú rẹ̀ kan ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́. Èyí tó burú jù wá láti Éṣíà, ọdún 2003 ni wọ́n sì rí i ní Kẹ́ńyà kó tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Bí èso bá jábọ́, ìdin a jáde, a wọ inú ilẹ̀ lábẹ́ igi náà, ibẹ̀ ni yóò ti di eṣinṣin. Ẹni tó fi máńgòrò jíjẹrà sílẹ̀ nídìí igi, eṣinṣin ló ń sìn. Ẹ máa ṣà wọ́n lójoojúmọ́. Ẹ má dà wọ́n sí ààtàn. Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá dúdú, ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ gbé e sójú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Ọ̀rọ̀ èèrà ló dùn mí jù. Èèrà pupa tí í fi ewé hun ilé sórí igi, a ń da kẹrosín sí i! Ọdẹ àgbàlá ni. Ó ń pa ìdin, òórùn tó sì fi sílẹ̀ lára èso ń lé eṣinṣin. Ní Benin, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí nínú oko máńgòrò, wọ́n sì gbé e jáde ní 2007: ibi tí èèrà yìí bá pọ̀ sí, ìdin kì í pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gùn ún lè fi eérú pa ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Oògùn apakòkòrò tí a ń fọ́n sí yàrá, ẹ má gbé e dé ibẹ̀. Kò lè dé ọ̀dọ̀ ìdin tó wà nínú èso. Èèrà ni yóò pa, àwọn ọmọ yín ni yóò sì ṣa èso náà jẹ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì.