Kọ́ńgò Wa Níwájú Ọlọ́run

 

Sákéù, olórí agbowó-òde ní Jẹ́ríkò, lówó púpọ̀. Lọ́jọ́ tí Jésù wọ ilé rẹ̀, Lúùkù kò kọ ọ́ pé ó dá orin tàbí pé ó ṣe ìṣọ́-òru. Ọ̀rọ̀ owó ló ti ẹnu Sákéù jáde: ìdajì ohun ìní rẹ̀ di ti tálákà, ẹni tó bá sì rẹ́ jẹ, yóò san án padà ní ìlọ́po 4. Ìgbà náà ni Jésù sọ pé ìgbàlà ti wọ ilé náà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, nítorí pé ó bá wa dé ọjà.

Gààrí Ìjẹ̀bú kò nílò ìpolówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó lu ìdí kọ́ńgò wọnú kó tó fi wọn gààrí, tó wá wọ aṣọ funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ta ló ń tàn?

Àgọ́-Ìwòyè ńkọ́, níbi tí yunifásítì ti wà láti 1982? Bí a bá gba owó ilé lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí a tún fi yàrá kan náà gbowó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, omijé ọmọ yẹn á ṣáájú àdúrà wa dé ọ̀run.

Ẹ̀yin ọmọ Ọlọ́run, kí ẹ tó pàtẹ láàárọ̀ yìí, ẹ yẹ ìdí kọ́ńgò yín wò. Bí ẹ bá rántí ẹni tí ẹ rẹ́ jẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é, kí ẹ sì dá owó rẹ̀ padà lónìí.