Ẹfun àti Osùn lórí Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè

 

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ni mo bá wá, ibi tí gbogbo wa mọ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀: àtẹ̀gùn 682 tó lọ sí Ìdànrè àtijọ́ lórí òkè.

Kí ọmọ kan mú ẹfun, kó sàmì sí àtẹ̀gùn kejì, ìkẹrin, ìkẹjọ, kó máa sọ iye náà di ìlọ́po méjì lọ bẹ́ẹ̀. Ìran Èjì nìyẹn. Kí ìkejì rẹ̀ mú osùn, kó sàmì sí ìkẹta, ìkẹsàn-án, ìkẹtàdínlọ́gbọ̀n, kó máa lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ìran Ẹ̀ta nìyẹn. Títí wọn yóò fi dé òkè, àmì ẹfun yóò jẹ́ 9, ti osùn yóò jẹ́ 5.

Níbo ni ẹfun àti osùn ti fara kanra? Ní 2 àti 3, ní 3 àti 4, ní 8 àti 9. Lẹ́yìn náà, wọ́n túká: 5 ló wà láàárín 27 àti 32, 13 ló wà láàárín 243 àti 256. Bí àtẹ̀gùn yìí bá kan ojú ọ̀run ńkọ́?

Ní 1343, Levi ben Gershon, ọ̀mọ̀wé Júù ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, fi ẹ̀rí hàn pé wọn kò ní í fara kanra mọ́. Olórin kan, Philippe de Vitry, ló bi í léèrè, torí nọ́ńbà ìran méjèèjì ni wọ́n fi ń wọn ohùn orin nígbà náà.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ọjà ìsán lè ṣí ẹ̀rí náà fún wa. A ń pè é ní ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án torí a ka òní mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọjọ́ 8 la fi ń yí i po. Ẹ máa yọ 8 lára nọ́ńbà ìran Ẹ̀ta títí kò fi ní í ṣeé yọ mọ́. Lára 3, 3 ló kù; lára 9, 1 ló kù; lára 27, 3; lára 81, 1. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò máa gbà á fún ara wọn títí, torí 3 lọ́nà 3 jẹ́ 8 àti 1.

Ìran Èjì láti 8 lọ kì í ṣẹ́ nǹkan kù. Bí ẹfun yóò bá tẹ̀ lé osùn, 7 ló yẹ kó kù lára osùn. Kò sí irú rẹ̀. Bí osùn yóò bá tẹ̀ lé ẹfun, 1 ló gbọ́dọ̀ kù, irú osùn bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ nọ́ńbà kan lọ́nà ara rẹ̀: 81 jẹ́ 9 lọ́nà 9. Yọ 1 kúrò, ó di 8 lọ́nà 10, aládùúgbò 9 méjèèjì. Kí èsì náà tó lè jẹ́ ẹfun, àwọn aládùúgbò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìran Èjì méjèèjì, kí 2 péré sì wà láàárín wọn. 2 àti 4 nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, 2 lọ́nà 4 sì jẹ́ 8. Ó parí.

Ní 1844, Eugène Catalan sọ pé bí a tilẹ̀ mú ìran nọ́ńbà gbogbo, kì í ṣe ti 2 àti 3 nìkan, tí a sì yọ 1 àti àwọn olórí ìran, ìyẹn nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ ìran kọ̀ọ̀kan, sílẹ̀, 8 àti 9 nìkan ni yóò fara kanra. Ọdún 2002 ni Preda Mihăilescu, ọmọ Ròmáníà, tó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Nọ́ńbà méjì tí ayé fi ọdún 158 wá irú wọn tì, inú ọjà ìsán ni àwa ti ń ka méjèèjì pọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mú àwọn ọmọ gun òkè. Òjò yóò fọ ẹfun àti osùn wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí àmì méjèèjì kò fara kanra mọ́ lẹ́yìn ìkẹsàn-án, kí wọ́n sì fi Yorùbá dáhùn.